Dóńgóyárò tí Mo Gbé Lọ fún Ata Màmá Ngozi

Ìràwọ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí mo gbé àpò ewé dóńgóyárò kúrò nílé ní Ìkirè. Bísí ọmọ mi, tí ó ń ránṣọ ní ọjà Ochanja ní Onitsha, ló pè mí. Kòkòrò tíntìntín ń pa ata Màmá Ngozi, onílé rẹ̀ ní Omagba. Màmá náà ti ra oògùn apakòkòrò, ṣùgbọ́n ọmọ Bísí ń rá láàárín àwọn àpò tí ó gbin ata sí. Màmá Ngozi ní kàkà kí òun fín oró síbi tí ọmọ ń rá, òun á fa gbogbo ata náà tu. Obìnrin yìí ló wẹ ọmọ náà nígbà tí Bísí bí i, tí ẹsẹ̀ ń dùn mí tí n kò lè lọ. Ṣé mo wá lè jókòó?

Ní Ọrẹ, awakọ̀ wo àpò mi. "Ìyá, ṣé gbogbo Onitsha ni ibà mú ni?" Mo ní ata ni mo ń lọ tọ́jú. Ó ní ó dáa, òun náà ní ewúrẹ́ kan tí orí ń fọ́. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rín.

Ọ̀sán pọ́n kí a tó gun afárá Odò Ọya. Màmá Ngozi dì mọ́ mi, ó ń wí pé "Nnọọ", bí àwa ṣe ń sọ pé ẹ káàbọ̀. Fùfú àti ọbẹ̀ ewúro ló gbé fún mi. Kókò gígún ni wọ́n fi mú ọbẹ̀ náà ki. Nílé wa a kì í fi kókò sọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n mo lá àwo.

Mo gún ewé mi, mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo sẹ́ ẹ, mo fá ọṣẹ dúdú díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, mo fọwọ́ wọ́n ọn sórí ata bí mo ti ń ṣe nílé. Lọ́jọ́ kejì, òòrùn ti jó ewé mélòó kan, kòkòrò sì wà síbẹ̀. Ojú tì mí. Màmá Ngozi kò bínú. Ó yí ewé kan padà: kòkòrò pupa tíntìntín ń rìn lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ta òwú bí aláǹtakùn. Bísí túmọ̀ ohun tí ó sọ: "Màámi, wọ́n ní orí òrùlé lẹ ń wọ́n omi sí, inú yàrá ni olè wà."

A dúró di ìrọ̀lẹ́. Mo fi omi la omi ewé tó kù, a bù ú sínú ike tí Bísí fi ń fín omi sáṣọ kó tó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Màmá Ngozi ń gbé ewé sókè, èmi ń fín abẹ́ rẹ̀. A kò gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n bí mo bá fo ewé kan, á rọra fa ọwọ́ mi padà sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo ń bọ̀, ewé tuntun tó tẹ́ pẹrẹsẹ ti ń yọ, ọmọ sì ń rá láàárín wọn.

Mo délé, n kò tíì tú ẹrù tí mo fi gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ewé ata mi ti kákò bí ó ti máa ń rí lọ́dọọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yí ewé kan padà. Kòkòrò pupa náà wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bú ọ̀gbẹlẹ̀ lásán.