Ohun Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ọ̀rọ̀ Màlámù

Mo ṣì ń gbọ́ bí pátákò ẹ̀yìn ẹṣin náà ṣe ń wọ́ lórí yangí, bí ìgbà tí arúgbó bá ń wọ́ bàtà nílẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni, lọ́nà Takie, ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò. Mo ti tó ọmọ ogún ọdún. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kàwé dé sítáńdáàdì kẹta, kí n tó wá bá àwọn Haúsá di obì ní Sábó fún ọdún méjì, tí èdè wọn fi yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Oníṣòwò obì kan, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Olóbì, ló wá gbà mí pé kí n máa tọ́jú ẹṣin òun. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹṣin náà ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ́ mọ́ra wọn. Káfíńtà tó wà ní òdìkejì títì rí wa, ó ní, “Ìwọ ẹlẹ́ṣin yìí, dín ẹmu tí ò ń fún un kù.” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà mí.

Mo mọ ohun tó yẹ kó bà mí lẹ́rù. Bàbá Olóbì ti pàṣẹ pé omi kànga ni kí n máa fà fún ẹṣin òun, kí n má ṣe mú un dé odò láé. Ṣùgbọ́n omi fífà kò ní ògo kankan nínú. Bí mo bá mú un lọ sódò, mo lè gùn ún bọ̀ láìsí gàárì, kí n na àyà bí ìjòyè, kí àwọn ọmọge tó ń pọnmi máa kí mi, èmi tí n kò ní adìyẹ kan. Igbó ṣú létí odò náà, àwọn eṣinṣin ńlá kan sì wà níbẹ̀ tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Mo máa ń fi ewé lé wọn kúrò lára rẹ̀, mo rò pé ó tán síbẹ̀. Àwọn àgbà ní bó pẹ́ títí, ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Èmi rò pé ẹni tó ní ẹṣin ni wọ́n ń bá wí.

Màlámù kan wà ní Sábó tó ti bá àwọn dókítà ẹran ṣiṣẹ́ ní òkè Ọya. Bàbá Olóbì ránṣẹ́ pè é. Bàbá Olóbì kò gbọ́ Haúsá, Yorùbá Màlámù kò sì tó nǹkan, ni mo bá di ògbufọ̀ wọn. Màlámù wo ojú ẹṣin, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀ tó gùn. Ó ní eṣinṣin etídò ló gbé kòkòrò sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé kòkòrò náà ti dé ọpọlọ, òun ló fi ń rìn bí ọ̀mùtí. Abẹ́rẹ́ yóò lé e, ṣùgbọ́n ó lè sá pamọ́ kó tún padà, bí ẹṣin náà bá sì tún débi tí eṣinṣin wà, kí a kàn wá ibi tí a máa sin ín sí.

Mo ní, “Òtútù ni, Bàbá.”

Bàbá Olóbì wò mí. “Gbogbo èyí tó sọ, òtútù nìkan ni?”

“Èdè Haúsá máa ń gùn, Bàbá.”

Abẹ́rẹ́ tí Màlámù fún un ṣiṣẹ́. Bàbá Olóbì ra kúbùsù méjì tó nípọn fún ẹṣin náà, ó ń làágùn lábẹ́ wọn nínú oòrùn nítorí ọ̀rọ̀ kan tó tẹnu mi jáde. Fún oṣù méjì, mo ń fa omi kànga. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹlẹ́ṣin tó ń fẹsẹ̀ rìn, mo bá tún gba ọ̀nà odò.

Àìsàn náà padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màlámù wá, ó rí kúbùsù, ó bi mí ní Haúsá pé kí ni èyí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún etí kúbùsù náà ṣe. Ó bá yíjú sí Bàbá Olóbì, ó ń ṣa Yorùbá rẹ̀ jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: “Bàbá. Èmi sọ gígùn. Òun sọ kúkúrú. Odò. Eṣinṣin. Odò.”

Bàbá Olóbì kò gbóhùn sókè. Ó ní, “Túmọ̀ rẹ̀ báyìí. Má yọ nǹkan kan.”

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, títí dórí ibi tí wọ́n máa sin ín sí. Màlámù fún un lábẹ́rẹ́, ó ní kí wọ́n gbé e jìnnà sí ibi tí eṣinṣin wà. Mo ti ń ká ẹní mi nígbà tí Bàbá Olóbì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Níbo lò ń lọ? Ìwọ lo mú un dé odò, ìwọ ni yóò mú un kúrò níbẹ̀. Gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ bá bàbá rẹ, mo gbọ́ pé ó mọ ẹṣin. Sọ fún un pé ìwọ ni mo fi ẹṣin mi lé lọ́wọ́, torí ìwọ lo mọ ohun tó ṣe é. Bí mo ṣe wí i ni kí o wí i.”

Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wa dé Ọ̀yọ́. Mo jíṣẹ́ náà fún bàbá mi láìyọ ọ̀kan, láìfi ọ̀kan kún un. Bàbá mi pe àwọn ará ilé, ó ní kí wọ́n wá wo ọmọ òun tí èèyàn ńlá fi ẹṣin lé lọ́wọ́. Wọ́n yìn mí, n kò lè gbé ojú sókè.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹṣin náà ṣubú, kò lè dìde mọ́. A ránṣẹ́ sí Màlámù. Kí ó tó dé, èmi àti bàbá mi ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí ara rẹ̀ má baà bó. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́, tí omi ń bọ́ lójú mi.

Bàbá mi kò tilẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó ní, “Mo ti gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ tí o jíṣẹ́. Ìwọ lo rò pé n kò gbọ́. Di orí rẹ̀ mú.”

Màlámù sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó fún un lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ẹṣin náà dìde, ó ń gbọ̀n, ó sì mu garawa omi kànga kan tán lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, àìsàn yẹn kò padà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣì ń wọ́ díẹ̀. Nígbà tí mo dá a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹnikẹ́ni kò mú un dé odò mọ́, Bàbá Olóbì ń gùn ún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ sí yídì lọ́jọ́ ọdún.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màlámù tó fi Yorùbá díẹ̀ tó ní gba ẹṣin là, tó sì gba èmi náà là. Ní ti àwọn àgbà méjì yòókù, wọ́n mọ ohun tí mo ṣe, kò sì sí èyí tó fi bú mi rí títí di òní. Ká ní wọ́n bú mi ni, bóyá ǹ bá ti gbàgbé.