Silas Béjidé àti Èèrà Tó Ń Dé Lásìkò

Ọgbọ̀n ọdún ni Silas Béjidé fi ṣe gáàdì rélùwéè ní Òṣogbo, kò sì sí ohun tó kórìíra bí ẹni tó pẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1971, fèrè tó fi ń ní kí ọkọ̀ ojú irin gbéra àti agogo àpò rẹ̀ bá a wálé. Ó wá ń fi agogo náà ka ìṣẹ́jú tí ọbẹ̀ fi ń hó.

Lọ́dún kejì, egbò yọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó kọ̀, kò san. Dókítà kan ní Iléṣà, ìlú Phebe aya rẹ̀, ní àtọ̀gbẹ ni. Ó fún un ní oògùn oníhóró, ó ní kó jìnnà sí ṣúgà. Bí egbò náà ò bá san láàárín oṣù méjì, wọn yóò gé ìka náà.

Àsìkò yẹn ni Olúmúyìwá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, gbé agolo tíì aláwọ̀ ewé kan wá láti Japan. Wọ́n ní ó ń lé ṣúgà lára.

Silas gbé oògùn dókítà sórí àjà, ó po tíì. Ó korò bí ewúro. Ló bá ju hóró ṣúgà márùn-ún sí i.

"Bàbá Julianah, ṣúgà kẹ̀?" ni Phebe bi í.

"Ìyá Julianah, ṣebí ṣúgà ni tíì yìí ń lé? Tí kò bá wá bá ṣúgà kankan níbẹ̀, kí lo fẹ́ kó lé?"

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé èèrà kì í ṣùjọ sídìí ìtọ̀ tí kò ládùn. Nítorí náà, láràárọ̀, Silas á tọ̀ sẹ́yìnkùlé, á yọ agogo, á dúró dè wọ́n. Lọ́jọ́ kìíní, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n fi dé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ìṣẹ́jú méjì.

"O rí i! Ṣúgà ti ń jáde, eré ló tún ń sá!"

"Ìka yín náà ti ń dúdú," ni Phebe wí.

Phebe ò jiyàn mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba ife tíì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó dà á sílẹ̀. "Ẹ wo agogo yín."

Ìṣẹ́jú kan ò pé tí èèrà fi tò bí èrò tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin.

"Èyí ò tíì dé ọ̀nà ọ̀fun yín o. Ta ló wá ń lé ta?"

Silas lè bá aya rẹ̀ jiyàn, kò lè bá agogo jiyàn. Ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sétí. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé oògùn wálẹ̀.

Nígbà tí oṣù méjì pé, dókítà tú aṣọ ojú egbò, ó ní ìka náà yóò gbé ibi tó wà. "Oògùn ni, àti ṣúgà tẹ́ ẹ jìnnà sí. Ti tíì tẹ́ ẹ sọ yẹn ò yé mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa mu ún, ẹ mu ún ní kíkorò."

Lọ́jọ́ kejì, Silas tọ̀ sẹ́yìnkùlé, ó dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Èèrà kan ò yọjú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹni tó pẹ́ máa dùn mọ́ ọn nínú. Síbẹ̀, ó fọn fèrè gáàdì rẹ̀ sí àwọn èèrà tí kò wá náà lẹ́ẹ̀kan, kó tó wọlé.