Ohùn Ìsàlẹ̀ Tí Mo Wá Dé Suame

Mi ò kí í ní kí ọmọ wá dúró níwájú mi kó kọrin kí n tó mú un sínú ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé wa. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun, ẹ̀rù á bà á, ohùn rẹ̀ á sì há. Àsìkò ìsinmi ni mo máa ń lọ dúró nítòsí àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣeré ampe, eré àtẹ́wọ́ àti fífò tí wọ́n ń fi orin ṣe. Màá máa jẹ ẹ̀pà bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní sáà tí mò ń sọ yìí, ohùn òkè pọ̀ lọ́wọ́ mi rẹpẹtẹ; ohùn ìsàlẹ̀ ni kò sí. Ọ̀gá wa sì ti kìlọ̀ pé bí a ò bá lè kọrin gidi níwájú àwọn òbí ní ìparí sáà, òun á gba wákàtí wa fún ìṣirò. Ìṣirò! Bí ẹni pé àwọn ọmọ náà ò tíì ṣírò tó. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣeré ampe ni mo ti gbọ́ ọmọ kan, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi bíi tèmi. Ohùn rẹ̀ nípọn, kì í sì í yẹ̀. Mo ní kó wá bá wa kọrin. Ó ní bàbá òun ò ní gbà.

Alájì ni bàbá náà, ó ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì. Kí n tó dé ibẹ̀ láti Santasi tí ilé-ìwé wa wà, mo ti to àwíjàre mi sẹ́nu. Mo kúnlẹ̀ kí i láàárín irin, mo sì ṣàlàyé pé kì í ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì nìkan là ń kọ, títí ẹnu fi gbẹ mí. Ó jẹ́ kí n parí.

“Ta ló bá yín sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, madam?” ó ní. “Akọrin wákà ni ìyá tó bí mi. Kò sí wálímà tí wọn ò pè é sí, títí dé Tamale. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ilé onílé ni mo máa ń sùn. Wallahi, mi ò fẹ́ kí orin gba ọmọ yìí náà lọ́wọ́ mi.”

Mi ò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní lẹ́yìn ìdánrawò, èmi fúnra mi ni màá máa mú un wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Santasi sí Suame lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́! Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kumasi á mọ̀ pé orí mi ò pé. Ó ní, “Yoo, ó dáa, ẹ máa mú un wá.”

Bí èmi àti ọmọ náà ṣe di èrò inú bọ́ọ̀sì trotro nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, òjò dá wa dúró sí Race Course lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a dé Suame. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ti tì. Bàbá rẹ̀ nìkan ló dúró létí títì, òjò ti pa á. Mo mọ̀ pé ó ti parí. Mo kúnlẹ̀ sínú omi, mo ń bẹ̀ ẹ́.

“Ẹ dìde, madam,” ó ní. “Ẹ̀yin náà nílé. Láti òní lọ, èmi ni màá máa wá mú un nílé-ìwé.”

Mo sunkún ọpẹ́ nínú trotro tó gbé mi padà, ìyá kan sì ń rẹ̀ mí lẹ́kún ní èdè Twi láìmọ ohun tó ṣe mí. Ọmọ yẹn la gbára lé tí a fi kọrin níwájú àwọn òbí, tí ìṣirò fi lọ wá wákàtí síbòmíràn. Títí dòní ni mò ń dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bàbá náà kọ́kọ́ wá ni mi ò lè gbàgbé. Ó tètè dé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó dorí kodò títí a fi kọrin tán. Mo rò pé ó ń kánjú, mo ní kí àwọn ọmọ gbé báàgì wọn. Ó nawọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé.

“Mepa wo kyɛw, madam,” ó fi Twi bẹ̀ mí, “ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un kọ.”