Orin Ẹni Mẹ́rin Tí Kò Ní Adarí

"Bá mi wá ẹni tó máa rà á ní Alábà."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lórí fóònù kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ tà. Ohun kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wọn ní Igbó-Elérin tó lè mú kí ohùn wọn lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ṣẹ́lò wọn, fáólíìnì ńlá tí èèyàn máa ń gbé sáàárín orúnkún méjèèjì kó tó lè ta á.

Ẹgbẹ́ olórin àwọn ológun ni wọ́n ti kọ́ ọ, ní bárékè Ọ̀jọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń ta á níbẹ̀ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Lẹ́yìn náà ni àìsàn ojú dé, irú èyí tó máa ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ, kí wọ́n máa tọ́jú èyí tó kù. Èyí tó kù náà kò tó fi rí ọ̀pá ọwọ́ adarí orin. Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n wọ inú orin ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́. Ohùn ṣẹ́lò nìkan ló ń dá dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Adarí orin bẹ̀ wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí wọ́n lọ sinmi díẹ̀.

Mo bi ìyàwó wọn bí wọ́n ṣe gbà á. Akọ̀wé ló máa ń pè mí, nítorí iṣẹ́ ìròyìn tí mò ń ṣe.

"Akọ̀wé, wọ́n kàn gbé ṣẹ́lò náà sẹ́yìn fíríìjì ni. Lánàá mo sá táwẹ̀lì lé e lórí, wọn ò tiẹ̀ bá mi wí."

Mo wá oníbàárà. Ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò orin ní Alábà ní òun ń rìnrìn àjò lọ́wọ́, bí òun bá dé, òun yóò wá wò ó.

Kó tó dé ni obìnrin kan pè mí láti Ìbá. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní fáólíìnì ni, òun àti ẹ̀gbọ́n mi sì ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ olórin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ìyàwó wọn ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ títà náà. Òun, télọ̀ kan àti nọ́ọ̀sì kan ń pàdé ní pálọ̀ rẹ̀ láti ta orin àtijọ́ kan tí òyìnbó kọ fún ohun èlò mẹ́rin péré. Ṣẹ́lò ló kù.

"Ojú wọn ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ẹ gbọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi ojú ṣe? A ò ní adarí. Ẹ ṣáà gbé wọn wá."

Ó fi ohùn ṣẹ́lò inú orin náà ránṣẹ́ sórí fóònù ìyàwó wọn, apá tó ń rọra lọ níbẹ̀ nìkan. Láàárọ̀, lálẹ́, ìyàwó wọn ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn. "Mo ti mọ̀ ọ́n ju orin ìgbéyàwó mi lọ," ló wí fún mi. "Ẹ̀wà ń jóná, èmi ń fẹnu gbè é."

Ẹ̀gbọ́n mi gbà láti lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n sọ fún oníbàárà náà pé kó wá bá wa ní Ìbá. "Mo kàn fẹ́ fi orin náà dágbére fún un ni. Kó gbé e lọ níbẹ̀."

Lọ́sàn-án Sátidé, mo fi ọkọ̀ gbé ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn lọ sí Ìbá. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó yíká, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì: "Ọ̀kan! Èjì!" Ẹ̀rín mú kí ọrun tó fi ń ta fáólíìnì bọ́ lọ́wọ́ télọ̀.

"Sájẹ́ntì, níbo la ń yan lọ?"

"Ìwọ télọ̀, lọ rán aṣọ rẹ," ni ẹ̀gbọ́n mi fèsì. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. "Báwo ni mo ṣe máa mọ ìgbà tí ẹ fẹ́ gbéra?"

Tíṣà sún àga rẹ̀ mọ́ tiwọn.

"Ẹ tẹ́tí sí imú mi, bọ̀dá," ni tíṣà wí. Ó fa èémí sínú, kúkúrú, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. "Bí mo bá ṣe fà á ni orin ṣe máa yá tó. Bí wọ́n ṣe ń ta irú orin yìí nìyẹn. Àwa tá a ríran gan-an, òun là ń gbọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi pẹ́ wọ inú orin. Ìgbà kejì, wọ́n tún pẹ́. Ìgbà kẹta, wọ́n tẹrí ba, wọ́n dijú. Tíṣà fa èémí, ohun èlò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dún lẹ́ẹ̀kan náà.

Fáólíìnì kan sọ̀rọ̀, èkejì dá a lóhùn. Fíólà ọwọ́ nọ́ọ̀sì, tó tóbi díẹ̀ ju fáólíìnì lọ, wà láàárín bí ẹni tó ń parí ìjà. Nísàlẹ̀, ṣẹ́lò ń hùn bí àgbàlagbà tó ń gbọ́ ẹjọ́ tí kò tíì dá a. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lọ wo ẹ̀gbọ́n mi láàárín ogunlọ́gọ̀ olórin, ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ wọn. Mi ò mọ ẹni tó kọ orin náà, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹni mẹ́rin péré ló kọ ọ́ fún, tí kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ohùn èkejì bò mọ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni oníbàárà ti bá wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà lọ́wọ́, títí orin fi parí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èwo ni ẹ fẹ́ tà nínú wọn?"

Gbogbo wa yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò fi ọrun sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹ bi tíṣà bóyá ó máa ta àga tí mo jókòó lé. Tèmi kò sí ní títà mọ́."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, kí n gbé e kúrò láàárín ẹni mẹ́ta yìí? Ta ló máa jẹ́ kí n jáde?" Ó wá ibì kan jókòó, ó ní kí wọ́n tún un ta.

Nígbà tí mò ń fi ọkọ̀ gbé wọn padà sílé, ìyàwó wọn gbá ṣẹ́lò mọ́ra lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ ìráhùn: nọ́ọ̀sì ń sáré jù, télọ̀ ń tẹ ọrun bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, àga tíṣà kúrú, fáànù ń pariwo.

"Ẹ sinmi díẹ̀ ná, bàbá," ni ìyàwó wọn wí.

"Ìsinmi kẹ̀? Sátidé tó ń bọ̀ la tún máa pàdé!"

Iṣẹ́ mi ni láti máa gbọ́ ìráhùn èèyàn, ó sì máa ń sú mi. Lọ́jọ́ yẹn, mo rọra ń wa ọkọ̀, kí a má baà délé kí tiwọn tó tán.