Ẹni Tó Lọ Ṣẹ́ Igi

Ìwé kan ṣoṣo ni èmi àti èkejì mi rí yá láti fi múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn apoògùn ní Dakar. Olùkọ́ wa ló yá wa, ó sì ti gbó débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. A bá kúkú pín in sí méjì. Èmi mú ewé àti egbò, òun mú iyọ̀, ásíìdì àti ìwọ̀n. Àdéhùn wa ni pé kí kálukú há tirẹ̀ sórí, kó wá kọ́ èkejì nígbà tí ìdánwò bá kù díẹ̀. Ìbejì ni wá, a ò rí ohun tó burú nínú kí ọgbọ́n ẹnì kan wà lórí ẹnì kejì fúngbà díẹ̀.

Iṣẹ́ réluwéè ni bàbá wa ń ṣe, ọ̀nà Atakpamé ló sì máa ń wà, nítorí náà ìyá wa ló ń gbọ́ ariwo wa ní Lomé. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí mo bá ń ka orúkọ ewé ní Faransé, á ní kí n lọ já a wá, kí òun fi se ọbẹ̀. Èkejì mi á rẹ́rìn-ín títí. Èmi kì í rẹ́rìn-ín, onínúfùfù ni mí látilẹ̀.

Olùkọ́ ti fi orúkọ àwa méjèèjì ránṣẹ́ nígbà tí òjò ọdún yẹn gbé ibà dé. Ẹni tó há ìwọ̀n kinín, oògùn ibà, sórí, tó mọ èyí tí à ń fún ọmọdé àti èyí tí à ń fún àgbà, òun ni ibà dá dùbúlẹ̀. A fún un ní kinín náà. Ó ń gbọ̀n, ó sì ń sọ fún mi pé tí ara òun bá yá, òun á kọ́ mi ní ti ásíìdì. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ó lọ kó tó kọ́ mi ní ohunkóhun.

Àwọn Mina tí a jọ ń gbé ní Lomé kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ ṣẹ́ igi. Tí ẹ bá là á mọ́lẹ̀ pé ó kú, èyí tó kù á tẹ̀ lé e. Ìyá mi gba ọ̀rọ̀ yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó kìlọ̀ fún gbogbo ilé, ó kìlọ̀ fún bàbá mi. Ó ń bu oúnjẹ èkejì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó ń fọ aṣọ rẹ̀ mọ́ tèmi. Mo rò pé ọgbọ́n tó fi ń dáàbò bò mí ni. Inú ń bí mi sí gbogbo ayé nígbà yẹn, àmọ́ mi ò lè bínú sí i.

Mo gbé ààbọ̀ ìwé tó jẹ́ tirẹ̀, mo ń há a sórí bí ẹni ń jẹ yanrìn. Kò sí ẹni tí mo lè bi ní ìbéèrè.

Láàárọ̀ ìdánwò, òyìnbó tó ń pe orúkọ pè mí, mo dáhùn. Ó pe èkejì mi. Kò sí ẹni tó ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ó tún un pè. Mo dìde, mo fi Faransé sọ pé, "Ó lọ ṣẹ́ igi, mùsíè."

Àwọn ọmọ Mina tó wà níbẹ̀ sorí kọ́. Òyìnbó ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé ìdánwò rẹ̀ sí ààyè rẹ̀, bóyá á dé kí agogo tó lù. Ẹ̀gbẹ́ mi ni ààyè náà wà. Nígbà tí mo dé ibi ásíìdì, mo ṣèèṣì yíjú sí i, bí mo ṣe máa ń ṣe nílé. Omi bò mí lójú, mi ò rí ìlà tí mo ń kọ̀wé sí mọ́.

Síbẹ̀ mo yege. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún wa nílé. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló rọra béèrè pé, "Èkejì rẹ̀ ńkọ́? Kí ni wọ́n fún un?"

Olùkọ́ wò mí. Mo ní, "Òdo ni, ìyá mi. Kò kọ nǹkan kan."

"Kò burú," ìyá mi dáhùn. "Á tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. O ò ní í wọkọ̀ lọ sí Dakar báyìí nìyẹn. Ìwọ lo kẹ́yìn wáyé, ìwọ lẹ̀gbọ́n. Dúró de àbúrò rẹ, kí ẹ jọ lọ."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe pé ó ń dáàbò bò mí. Ó ń retí rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ló lè tú mi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́nu mi. Olùkọ́ ò lè sọ ọ́. Nígbà tí bàbá mi dé láti Atakpamé, ilẹ̀ ló ń wò, òun náà ò lè sọ ọ́. Mo wo ojú ìyá mi, bí ara rẹ̀ ṣe balẹ̀ tó, mo ní, "Mo ti gbọ́."

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ, mo dúró létíkun títí mi ò fi rí èéfín rẹ̀ mọ́. Lọ́dún kejì, ìyá mi ní ká ṣì ní sùúrù.