Ọmọ Ààrẹ ní Novara

Bàbá Akínbọ̀dé ni ààrẹ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Turin, Ọmọ Ààrẹ sì ni gbogbo èèyàn ń pe Akínbọ̀dé. Akínbọ̀dé ṣe iṣẹ́ ológun Ítálì, ó yọ èèyàn lábẹ́ yìnyín, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Síbẹ̀, Ọmọ Ààrẹ náà ni wọ́n ń pè é. Kí wọ́n lè pe orúkọ rẹ̀ ló ṣe lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ sí Novara, ìlú tí wọn ò ti mọ bàbá rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ wá wò ó, ó bá iṣu lórí ìlà bí ọmọ ogun.

“Ogun wo ni wọ́n ń lọ?”

“Ẹ jókòó ná, Bàbá.”

Obìnrin kan wọlé wá ra gààrí, ó kúnlẹ̀ kí àgbà náà. “Ẹ má bínú, sà, mi ò mọ̀ yín.”

Ààrẹ tún fìlà ṣe. “Èmi ni bàbá Akínbọ̀dé oníṣu.”

Akínbọ̀dé kọjú sí iṣu tó ti tò, ó tún ń tò ó.