Wọ́n ní ọmọ Atukọ̀ kì í rì

Ọkọ̀ ojú omi dojú dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, gbogbo èrò inú rẹ̀ ló yè é. Ẹni tó ń wà á nìkan ló bómi lọ. Ẹ-má-mikàn là ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ fún wa nìyẹn bí ìjì bá ń gbá ọkọ̀ kiri. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, òkú rẹ̀ ṣì wà nínú odò, àwọn tó gbà á síṣẹ́ sì ti padà sórí àga wọn.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ orúkọ ná, torí orúkọ ló pa á. Atukọ̀ ni orúkọ ìdílé wọn. Nígbà tí omíyalé dé láyé àtijọ́, bàbá bàbá rẹ̀ ló fi àjẹ̀ wa àwọn aládùúgbò dé orí ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tí tíṣà bi ọmọ bàbá náà léèrè orúkọ bàbá rẹ̀, iṣẹ́ bàbá lọmọ fi dáhùn, bí tíṣà ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Adájọ́ ti inú ìdílé yìí jáde. Ìyá àgbà kan níbẹ̀ ló dá iléèwé àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi wa náà, Atukọ̀ ni, àbúrò olóògbé, ọmọ bàbá kékeré rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn yìí wo orúkọ, wọ́n gbàgbé ọmọ.

Torí pé Ẹ-má-mikàn ò mọ̀wẹ̀. Kò fi pa mọ́ fẹ́nikẹ́ni. Omi ló gbé bàbá rẹ̀ lọ, ìyá rẹ̀ ò sì jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan odò ní kékeré. Àìríṣẹ́ ló pàpà tì í dénú ọkọ̀. Fúnra rẹ̀ ló máa ń so okùn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì mọ́ra àwọn ìyá arúgbó, á tún fà á wò kó tó tan ẹ́ńjìnnì. Èrò nìkan ni wọ́n ra ẹ̀wù náà fún. Ó lọ bá ọ̀gá àgbà pé kó fún òun náà ní tòun, òun ò mọ̀wẹ̀. Awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sìn ín lọ sọ èsì tí wọ́n gbà fún mi.

“Ẹ̀gbọ́n, Atukọ̀ mà ni yín. Ta ní ń kọ́ ẹja níwẹ̀?”

Ẹ̀rín sọ nínú ọ́fíìsì. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ṣé orúkọ ló ń léfòó ni, àbí èèyàn?

Lọ́jọ́ Ajé náà, ọkọ̀ agbẹ̀mílà kó èrò tán, ó ṣẹ́rí padà. Télọ̀ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ ń pariwo pé awakọ̀ ṣì kù. Ohùn kan láti ọ́fíìsì sọ lórí rédíò pé kí wọ́n máa bọ̀, ọmọ Atukọ̀ ni, yóò wẹ̀ jáde. Wọ́n wá tò sétí odò, wọ́n ń retí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ṣe ìrántí rẹ̀ ní gbọ̀ngàn iléeṣẹ́. Bí a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ọ̀gá àgbà ròyìn orúkọ ìdílé náà látorí bàbá ńlá dórí adájọ́, dórí ara rẹ̀, àtẹ́wọ́ sì ń dún. Ìyàwó olóògbé dìde, kò gbóhùn sókè.

“Mo ti gbọ́ ti gbogbo yín,” ló wí. “Ọkọ mi ńkọ́?”

Wọ́n rọra fà á jókòó. Inú ń bí mi gan-an, mi ò ní purọ́. Kí ọ̀gá àgbà ra ẹ̀wù fún gbogbo awakọ̀ kí ọkọ̀ kankan tó tún gbéra. Kí wọ́n dá ọkọ̀ agbẹ̀mílà padà sínú odò lónìí, kí wọ́n wá òkú náà kàn, kí wọ́n gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Ohùn orí rédíò yẹn sì ní olóhùn. Kó bọ́ síta, kó dúró níwájú obìnrin náà, kó dárúkọ ara rẹ̀.